Eyín Mi Dákẹ́, Mo Rò Pé Ó Ti San

Ó tó oṣù mẹ́ta tí eyín kan nísàlẹ̀ ẹnu mi, lápá ọ̀tún, fi dà mí láàmú. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, omi tútù nìkan ló máa ń ta á. Nígbà tó yá, ohun gbígbóná náà di ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni akokoro wá bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi lóru, tí yóò máa lù kì-kì-kì nínú egungun, tí yóò gba etí kọjá lọ sí ẹ̀bá orí, tí n kò sì ní lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí. Oògùn apàrora ni mo fi ń tan ara mi. Ó wá di ọjọ́ kan, mo jí, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo mu omi tútù wò, kò ta mí. Mo mu tíì gbígbóná, bákan náà ni. Mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

N kò mọ̀ pé eyín náà kò san rárá. Ó kú ni.

Èmi kì í ṣe dókítà. Aláìsàn tó bi ìbéèrè púpọ̀ ni mí, tó sì lọ kàwé kún ìdáhùn tí wọ́n fún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìrora eyín kò ṣeé fi díwọ̀n bí eyín ṣe bàjẹ́ tó. Eyín lè máa jẹrà láìdùn, ó lè dùn gan-an nígbà tó ṣì ṣeé gbà là, ó sì lè dákẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Ìtọ́jú tí dókítà lè ṣe fún un, ìpele tó bá a ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe bí a ṣe pariwo tó.

Ìpele òde eyín, èyí tó funfun tó ń dán, ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ èròjà aláìlẹ́mìí, èyí tí kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni àbùkù rẹ̀ wà, nítorí pé kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀. Bí egungun bá ṣẹ́, yóò so. Bí awọ bá ya, yóò jinná. Bí ihò bá lu ìpele òde eyín, kò sí ohun tí ara lè fi dí i títí ayé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì wà, tó rọ̀ jù ú lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eyín erin, tó sì kún fún àwọn ojú ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ní àárín gbùngbùn ni ẹran rírọ̀ kan wà, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gba ṣóńṣó gbòǹgbò wọ inú rẹ̀. Ẹran yìí ni ẹ̀mí eyín. Òun náà ló ń ké nígbà tí a bá ń sọ pé eyín ń dùn wá.

Àwọn àgbà a máa sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Kì í ṣe àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé ló sì gbà á gbọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn ará Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa eyín, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun kò gba ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn gbọ́, ó ní ṣúgà ló yẹ ká fura sí. Ní 1890 ni Willoughby Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, wá ṣàlàyé pé àwọn bakitéríà inú ẹnu ló ń sọ oúnjẹ di ásíìdì, tí ásíìdì náà sì ń yọ́ eyín. Bí mo ṣe ka èyí tán, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé àwọn àgbà wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́. Ohun abẹ̀mí ló ń ba eyín jẹ́ lóòótọ́, àfi pé òun fúnra rẹ̀ kò ní eyín tó lè fi jẹ ẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdọ̀tí rírọ̀ kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, ẹni tó bá fi èékánná ha eyín rẹ̀ láàárọ̀ yóò rí i. Inú rẹ̀ ni àwọn bakitéríà ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní Streptococcus mutans sì wà lára àwọn tó burú jù nínú wọn. Bí ṣúgà bá ti dé ẹnu, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di ásíìdì, èròjà líle inú eyín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde. Itọ́ ni yóò wá pa kíkan ásíìdì náà, tí yóò sì dá díẹ̀ nínú èròjà náà padà sára eyín, ṣùgbọ́n ó nílò bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kó tó lè ṣe é. Nítorí náà, iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu lójúmọ́ ṣe pàtàkì ju bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó jẹ ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ, tó sì pa ẹnu dé, fún itọ́ rẹ̀ láyè láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fa ohun mímu aládùn díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò fún un láyè rárá. Èmi ni ẹnì kejì yẹn. Ìgò kan máa ń wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo sì rò pé nítorí pé kò tán bọ̀rọ̀, n kò mu ún lámujù.

Àmì àkọ́kọ́ kì í ṣe ihò. Àbàwọ́n funfun kan ni, tó ṣú bí ẹfun, tí kò dán bí ibi tó kù lára eyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí, nítorí pé òun nìkan ni ìpele tí eyín tó ti ń bàjẹ́ ti lè padà sípò láìsí pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Fluoride, èròjà kan tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń ran èròjà inú itọ́ lọ́wọ́ láti padà wọ eyín, ibi tó bá sì tún ṣe yóò le sí ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iye rẹ̀ máa ń wà lára páálí ọṣẹ ìfọyín. Èyí tó wà láàárín 1000 sí 1500 ppm (ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan) ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ kété ká tó sùn. Bí a bá sì fọ eyín tán, kí a tutọ́ dànù, kí a má fi omi ṣan ẹnu lójú ẹsẹ̀, nítorí pé omi yóò gbé fluoride náà lọ kó tó ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn ìfọyín, tí mo rò pé ìmọ́tótó ni.

Bí ojú àbàwọ́n yẹn bá ti wó, ó di ihò, ọ̀ràn dídí sì ti dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ènìyàn ló ní irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú eyín àgbà wọn tí wọn kò tíì tọ́jú. Dókítà yóò gbẹ́ ibi tó ti rà kúrò, yóò sì fi ohun mìíràn dí àyè rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dí i pín sí oríṣiríṣi. Amalgam ni èyí tó ní àwọ̀ fàdákà, tí a máa ń rí lẹ́nu àwọn tó ti dàgbà. Bí ìdajì rẹ̀ ni mákúrì, ìyókù jẹ́ fàdákà, bàbà àti irin mìíràn. Ó lágbára, ó sì ti sin aráyé ju 150 ọdún lọ, ṣùgbọ́n nítorí ewu mákúrì sí àyíká, Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dín lílò rẹ̀ kù, Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù sì fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹni tó bá ní èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu, tí kò fọ́, tí kò sì jò, kò sí ìdí tó fi yẹ kó sáré lọ yọ ọ́. Yíyọ rẹ̀ gan-an ló ń tú mákúrì sáfẹ́fẹ́, ó sì tún máa ń gé lára eyín tó dára mọ́ ọn.

Composite ni wọ́n ń lò jù báyìí. Àwọ̀ eyín ló ní, yóò rọ̀ bí àtè nígbà tí dókítà bá ń tò ó sínú ihò, iná aláwọ̀ aró ni yóò sì mú un le láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni àwárí tí Michael Buonocore ṣe ní 1955, pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú eyín díẹ̀, yóò rí págunpàgun débi pé ohun tí a bá fi lé e yóò dì í mú. Nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, kò pọn dandan kí dókítà gbẹ́ ihò náà fẹ̀ kí ohun tó fi dí i má baà já bọ́, bí ó ti máa ń ṣe fún amalgam. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi: bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kò ní lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yà kẹta ni glass ionomer, tí kò lágbára tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tó ń tú fluoride sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì wúlò fún eyín ọmọdé àti ìdí eyín tí èrìgì ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè pé èwo ló rẹwà jù. Ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ ká bi dókítà ni pé, nínú ìtọ́jú wọ̀nyí, èwo ni yóò jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú eyín mi ṣẹ́ kù? Ohun tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ní padà, gbogbo ohun tí a bá sì fi dí i ni yóò ní ọjọ́ tí yóò gbó.

Ó yẹ kí n ti lọ ní ìpele yẹn. N kò lọ.

Ohun tí ìrora mi ń sọ ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn. Bí ohun tútù bá ta eyín, tí ìrora náà sì lọ bí a bá ti gbé e mì, ẹran inú eyín ń bínú ni, bí wọ́n bá dí ihò náà yóò fara balẹ̀. Bí ìrora náà bá dúró pẹ́ lẹ́yìn tí ohun tútù tàbí gbígbóná ti kúrò, tó bá ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó kàn án, tó bá ń jí ènìyàn lóru, ẹran náà ti wú, kò sì sí àyè fún un láti wú sí, nítorí pé ògiri líle ló yí i ká. Yóò fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Nígbà tó bá kú tán ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dé, èyí tí mo pè ní ìwòsàn. Ìdákẹ́jẹ́ náà kì í pẹ́ títí. Bakitéríà tó wà nínú eyín tó ti kú yóò gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde sínú egungun, ọyún yóò sì gbára jọ síbẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: oṣù kẹrin ni oówo kékeré kan yọ sí èrìgì mi, tó ń da ọyún kíkorò sí mi lẹ́nu, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú.

Dókítà tó gbà mí kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó fi irin kékeré kan kan eyín náà, ó ya X-ray rẹ̀, ó sì fi òjìji dúdú kan tó rọ̀gbà yí ṣóńṣó gbòǹgbò ká hàn mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé eyín yìí ti dùn yín rí?”

“Ó dùn mí rí, ṣùgbọ́n ó ti san.”

“Kò san, sà. Ẹni tó ń ké nínú rẹ̀ ló kú.”

Mo ní kó fún mi ní oògùn agbógunti-bakitéríà kí n máa lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé inú eyín tó ti kú mọ́. Oògùn lè mú kí wíwú náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí bakitéríà ń gbé yóò wà níbẹ̀ digbí. Wọ́n máa ń kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ bí àkóràn náà bá ti ń tàn ká tàbí tí ibà bá ti wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìtọ́jú eyín fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe dípò rẹ̀. Kí n má gbàgbé: bí wíwú bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n tàbí tó ń gun ojú lọ, tí ènìyàn kò bá lè la ẹnu dáadáa, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí mímí bá ń nira, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o, kì í ṣe ọ̀la. Àti pé ẹ má ṣe lẹ aspirin mọ́ èrìgì bí mo ti ṣe. Kì í pa ìrora níbẹ̀. Ṣe ló ń jó ẹran ẹnu, ojú ọgbẹ́ tèmi pẹ́ kó tó jinná.

Ọ̀nà méjì ló kù fún eyín tó ti kú: kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀. Mo yan èkejì, pẹ̀lú ìbẹ̀rù púpọ̀, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ti sọ fún mi nípa rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lidocaine ni wọ́n fi pa ìmọ̀lára ibẹ̀, oògùn tí Nils Löfgren ṣẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè Sweden ní 1943. Wọ́n na rọ́bà pẹlẹbẹ kan bo ẹnu mi, eyín kan ṣoṣo yẹn nìkan ló yọrí jáde. Iṣẹ́ rọ́bà náà ni pé kí itọ́ má wọ inú eyín, kí irin tàbí omi oògùn má sì bọ́ sí ọ̀fun. Dókítà lu ihò láti òkè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ha inú gbòǹgbò, ó ń yí wọn padà láti kékeré sí ńlá, ó sì ń fi omi oògùn apabakitéríà ṣan án láàárín. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ọ̀nà kan nínú gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ máa ń ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó bá sì fojú fo dá nínú wọn ni yóò dá àìsàn náà padà. Mẹ́rin ni tèmi. Nígbà tó di ìjókòó kejì, lẹ́yìn tí ọyún ti gbẹ, ó fi gutta-percha dí wọn pa, ohun kan tó dà bí rọ́bà, tí wọ́n ń rí láti inú oje igi kan ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ká sòótọ́, ohun tó rẹ̀ mí jù lọ ni kí n la ẹnu sílẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìrora òru tí mo ti fara dà nílé ju gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún mi lórí àga yẹn lọ.

Eyín tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ihò tó ti jẹ ẹ́ àti èyí tí dókítà tún lù ti sọ ọ́ di ìkarahun. Bí ó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn, bí a bá fi jẹ nǹkan líle, ó lè là sí méjì dé ìsàlẹ̀, nígbà yẹn kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n yọ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi adé bò ó. Wọn yóò gbẹ́ yíká ara eyín náà, wọn yóò mú ìwọ̀n rẹ̀, wọn yóò fi adé onígbà díẹ̀ bò ó títí adé gidi yóò fi dé. Adé náà lè jẹ́ irin pọ́ńbélé, ó lè jẹ́ irin tí wọ́n fi porcelain (tánganran) bo ojú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ zirconia, èyí tó funfun, tó sì le gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eyín tó ti dé adé kò lè jẹrà mọ́. Etí ibi tí adé àti eyín ti pàdé, lẹ́bàá èrìgì, ni bakitéríà fẹ́ràn jù.

Bí eyín bá wá ká ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀yìn ni, kò hàn síta. Ṣùgbọ́n àlàfo kì í dúró lásán. Àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fì sínú rẹ̀, èyí tó dojú kọ ọ́ lókè lè máa gùn sọ̀ kalẹ̀, egungun tó gbé eyín náà dúró yóò sì máa dín kù, nítorí pé kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ ni èyí tó rọrùn jù láti ṣe. Ó yẹ kí ènìyàn máa yọ ọ́ lálẹ́, kó fọ̀ ọ́, kó sì rẹ ẹ́ sómi, kí èrìgì lè sinmi. Afárá eyín ni èkejì, níbi tí wọ́n ti so eyín àfirọ́pò mọ́ adé tí wọ́n fi bo eyín méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àlàfo náà. Ó dúró ṣinṣin, kì í ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí wọ́n gbẹ́ eyín méjì tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ ọ́ nítorí èyí, mo sì rò pé ó tọ̀nà, nítorí pé eyín méjèèjì tirẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti ní ihò ńlá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n nílò adé lọ́nàkọnà, ìdájọ́ náà ì bá yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni gbòǹgbò àtọwọ́dá. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, olùwádìí ará Sweden, fi ohun èlò kan tí wọ́n fi titanium, irú irin kan, ṣe sínú egungun ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò ṣeé yọ mọ́, egungun ti hù mọ́ ọn. Ní 1965 ni wọ́n fi irú rẹ̀ sẹ́nu ènìyàn àkọ́kọ́, Gösta Larsson, ó sì lò ó fún ogójì ọdún títí tó fi kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn: wọn yóò gbin ìṣó titanium kan sínú egungun, wọn yóò fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun dì í mú, kí wọ́n tó fi adé lé e. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá mu. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti tín-ín-rín jù, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò ṣàkóso rẹ̀, ẹni tó ń mu sìgá, gbogbo wọn ló ní ewu pé kò ní lẹ̀. Èrìgì tó yí gbòǹgbò àtọwọ́dá náà ká sì lè ní àrùn bí ti eyín gidi.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ihò láti ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni eyín wọn ká láìní ihò kankan. Èrìgì ló jù wọ́n sílẹ̀. Ìdọ̀tí rírọ̀ tí a kò bá fọ̀ kúrò lára eyín yóò le bí òkúta láàárín ọjọ́ mélòó kan, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè ṣí i mọ́. Èrìgì yóò pọ́n, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń fọ eyín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí ẹ̀jẹ̀ yìí ni yóò dẹ́kun fífọ ibẹ̀, èyí tó jẹ́ òdì ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ní ìpele yìí, bí wọ́n bá ha òkúta náà kúrò tí a sì ń fọ eyín dáadáa, èrìgì yóò padà bọ̀ sípò. Bí a bá fi sílẹ̀, ó lè wọ inú egungun, egungun tó bá sì ti jẹ kúrò níbẹ̀ kì í sábà padà. Eyín yóò máa mì títí yóò fi bọ́. Àrùn yìí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Lẹ́nu ẹni tó ń mu sìgá pàápàá, ẹ̀jẹ̀ náà lè má hàn, nítorí pé sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ èrìgì pọ̀. Ó sì ní àjọṣe pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀kan ń mú èkejì burú sí i. Àwọn kan gbà pé híha òkúta eyín ló ń jẹ́ kí eyín mì. Eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀; òkúta yẹn ló so wọ́n pọ̀ tí a kò fi mọ̀.

Ó ku ohun méjì tí ó ṣeé sọ kíákíá. Bí eyín àgbà bá fò yọ lódindi nínú ìjàǹbá, ẹ di ibi tó funfun mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi wàrà tàbí omi ṣan án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ ha, kí ẹ sì tì í padà sí àyè rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sínú wàrà, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí kan tó pé. Eyín ọmọdé ni a kì í tì padà, nítorí pé ó lè ṣe eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ léṣe. Èkejì kan àwọn òbí: nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín àgbà ńlá àkọ́kọ́ máa ń hù, ní ọwọ́ ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé eyín kankan kọ́kọ́ ká fún un. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rò pé eyín ọmọdé ni, pé yóò ṣì paarọ̀. Kò ní paarọ̀. Òun ni ihò sì sábà máa ń kọ́kọ́ lù, nítorí pé orí rẹ̀ ní kòtò jíjìn, bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà lè fi ohun kan bo kòtò náà kó tó bàjẹ́, láìgbẹ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí mo lọ gba adé mi, dókítà náà ní kí n jẹ́ kí òun ya X-ray apá òsì. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe mí níbẹ̀. Ó yà á. Láàárín eyín méjì tí wọ́n fara kan ara wọn, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé, tí mi ò sì fi òwú ìfọyín kàn rí, ihò kékeré kan wà tó ti gba ìpele òde kọjá. Mo béèrè ìdí tí n kò fi gbọ́ ọ rárá.

“Èyí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, sà.”

Ó gbẹ́ ẹ, ó fi composite dí i, kò ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì kú nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu.